Ibùwọ̀ Karùn-ún

"Ẹ dì í mú dáadáa o, Màmá. Bó bá já bọ́, ojúlé méjì ló máa wà nínú òkùnkùn títí di Ẹtì."

Akíndúró ló sọ bẹ́ẹ̀, Olùpín tí Ilé Ìmọ́lẹ̀ rán sí wa. Ó gun orí àpótí, ó ń tú ìṣó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó de dígí ojúlé wa mọ́ ara àpáta, ó sì fi ètè di méjì mú nínú wọn bí aránṣọ ṣe máa ń fi ètè di abẹ́rẹ́. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì sókè. Dígí náà bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ó tutù, kò sì fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Kíá ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣú. Àwọn okùn ìmọ́lẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wá rọ̀ sílẹ̀ lára ògiri bí irun ẹni tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀.

Olùpín tan iná ọwọ́ rẹ̀, ó ń fi ìka ka àwọn okùn náà. "Mẹ́rin. Ìwé náà sọ pé mẹ́rin. Ta ló ni èyí tó sanra yìí?"

"Èmi ni. Ó ti gbó, mo fi rọ́bà wé e."

"Ẹ̀yin àgbà àti wíwé nǹkan! Ìyá tèmi náà, ó fi rọ́bà wé bàtà, ó fi wé ṣíbí, díẹ̀ ló kù kó fi wé bàbá mi."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Okùn méjì ló wà nínú rọ́bà náà. Èkejì jẹ́ ti ọkọ mi tó ti kú, tí mo sọ fún Ilé Ìmọ́lẹ̀ pé eku ti jẹ.

Fèyíṣara, aládùúgbò mi, jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó fi Mojírádé ọmọ rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni Mojírádé. Bó bá dìde dúró, o lè gbé ìgò omi gba àárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì kọjá láì kan án lára. Ìyá rẹ̀ ló kọ̀wé sí Ilé Ìmọ́lẹ̀. Ó ní nǹkan kan ń ṣe dígí wa, kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí wọ́n sì bi í pé ayẹdígíwò wo ló fẹ́ kó jẹ́rìí, kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní èmi ni. Ó ní ta ló tún mọ dígí ju Màmá Àwẹ̀ró lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ ọ́n. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń yẹ dígí wò. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé dígí lásán ni. Ihò ló kún inú rẹ̀, ihò tó kéré débi pé ẹgbẹ̀rún nínú wọn lè jókòó sórí ṣóńṣó abẹ́rẹ́ kan, wọ́n sì tò gbọọrọ bí ebè oko ẹni tó mọ oko kọ. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti orí òkè dé ibẹ̀, ìlà kìíní á dá a padà, ìlà kejì á dá a padà, kò ní rí ọ̀nà wọlé. Ibì kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ bá fò, tí kò lu, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ máa rọ́ sí bí omi òjò ṣe máa ń rọ́ sínú kòtò orí àpáta. Ibùwọ̀ ni à ń pè é. Láti ibùwọ̀ ni okùn á ti fà á lọ sórí ibùsùn ẹni tó ni ín. Ní Inú-Òkè yìí, ibi tí wọn kò lu nínú dígí ni ènìyàn. Bí ènìyàn bá kú, wọ́n á lu ibẹ̀. A kì í tilẹ̀ sọ pé lágbájá kú mọ́. A máa ń sọ pé wọ́n ti lu ti lágbájá.

Ìyá mi ló kọ́ mi ní ojú tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, kó tó di pé oòrùn le ju ohun tí ara ènìyàn lè gbà, tí gbogbo wa sá wọnú òkè Ìdànrè. Aláàdìrẹ ni. Ìyẹ́ adìẹ ló máa fi ń kọ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun kó tó rì í sínú aró. Á pè mí, á ní, "Àwẹ̀ró, wá èyí tí mo gbàgbé." Àmì tó-tò-tó tó tó ẹgbẹ̀rún lórí aṣọ kan, èmi á fi ojú gbá wọn lẹ́ẹ̀kan, n ó sì tọ́ka sí ibi tí ọ̀kan kò sí. Oòrùn ìgbà náà kò ní olówó, kò ní òtòṣì. A máa ń sá ẹ̀gẹ́ sí i, a sì máa ń bú u pé ó ń jó wa lẹ́yìn ọrùn.

Ìdí nìyẹn tí Ilé Ìmọ́lẹ̀ fi ń lo àwa arúgbó. Ojú ẹ̀rọ ń wo àwọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan. Ojú ènìyàn tó ti tọ́ ń rí gbogbo rẹ̀ pọ̀ nígbà tó bá yí dígí síwá sẹ́yìn.

"Ẹ má tíì wò ó, Màmá," ni Akíndúró wí. Ó jókòó sórí àpótí, ó gbé ìwé lé itan. "Ẹ jẹ́ kí n ka òfin fún ìyá ọmọ ná, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun kò gbọ́."

"Irun imú yín gùn," Mojírádé sọ fún un.

"Mojí!" Fèyíṣara fi ọwọ́ bo ọmọ náà lẹ́nu.

"Ẹ fi í sílẹ̀, òótọ́ ló sọ. Ìyàwó mi náà sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀." Olùpín fi ìka nu imú, ó wá bojú wo ìwé. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ọ̀nà méjì ni. Bí Màmá bá sọ pé dígí yìí ní àbùkù, n ó gbé e lọ lónìí. Kí wọ́n tó lu tuntun, àwọn akànìyàn á kọ́kọ́ wá ka orí tó wà nínú ojúlé méjèèjì. Wọ́n á wo abẹ́ ibùsùn, wọ́n á ṣí àgbá. Ìyẹn ni ọ̀nà kìíní. Bí dígí bá sì pé, a jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ọmọdé kan tó péye ni Mojírádé ń gbà láti ọjọ́ yìí wá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ síbẹ̀. Inú ara rẹ̀ ni àbùkù náà wà nìyẹn. Ilé Ìmọ́lẹ̀ kì í fi agbọ̀n gbọn omi. A ó lu tiẹ̀, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀."

Ìsàlẹ̀ ni ìdí òkè pátápátá, níbi tí àwọn ẹ̀rọ omi wà. Iná pupa kéékèèké tó wà lára ẹ̀rọ nìkan ni iná ibẹ̀. A ti rí àwọn ọmọ tó sọ̀ kalẹ̀. A kò tíì rí èyí tó gòkè.

Ìgbà tó dárúkọ àgbá ni Fèyíṣara gbójú sókè wò mí.

Ìdí ni pé ọmọ-ọmọ mi wà nínú àgbá gààrí rẹ̀. Ìbídàpọ̀ lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìyá rẹ̀, Mọ́rádéyọ̀ ọmọ mi, wà lókè níbi iṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń nu àwọn jígí ńlá tó ń gba oòrùn. Nígbàkigbà tí Olùpín bá wọ àdúgbò, ọ̀dọ̀ Fèyíṣara la máa ń gbé Ìbídàpọ̀ pamọ́ sí, nítorí ilé tí kò ní ẹ̀sùn ni wọn kì í tú. Lọ́jọ́ náà, kò sí ààyè láti ro ọ̀nà mìíràn. A gbọ́ ọ̀pá Olùpín lójúde, Fèyíṣara kàn gbé ọmọ náà wọnú àgbá, ó fi aṣọ bò ó lórí, ó sì jáde wá jókòó ti ọmọ tirẹ̀.

Akíndúró dìde pé òun ń lọ mú ìwé ìbúra nínú àpò tí òun gbé sójúde. Bó ti yí ẹ̀yìn padà ni Fèyíṣara rá wá bá mi.

"Màmá, n kò mọ̀ pé wọ́n máa kà wá. Ọlọ́run ń gbọ́ mi, n kò mọ̀. Ǹ bá má kọ̀wé."

"Mo mọ̀."

"Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí àbùkù níbẹ̀, ẹ sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́. Ìbídàpọ̀, a ó wá ibi gbé e sí. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Ojúlé Kejìdínlógún, ihò àpáta wà lẹ́yìn yàrá rẹ̀. Èmi fúnra mi ni n ó pọ̀n ọ́n lọ. Kíkà ọjọ́ kan péré ni, Màmá. Àwa náà kọ́ la ti ń sá fún wọn láti ọdún mẹ́rin?"

"Ó dáa. Padà sọ́dọ̀ ọmọ ẹ."

Ohun tí kò mọ̀ ni pé kíkà kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọjọ́ kẹta tí Mọ́rádéyọ̀ bí Ìbídàpọ̀ ni akànìyàn dé ẹnu ọ̀nà wa, ọmọbìnrin kan tó tíńrín, pẹ̀lú ìwé tó tóbi jù ú lọ. Ó ní, "Màmá, ọmọ mélòó ló wà nínú ilé?" Mo fi ara dí ẹnu ọ̀nà. Mo ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Mo ní èyí tó wà nínú ilé kò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ, kò tíì lórúkọ, ta ló bí ẹ tó o fi fẹ́ kọ ẹni tí kò lórúkọ sínú ìwé? Ọmọbìnrin náà bẹ̀ mí. Mo lé e lọ. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, mo rò pé mo ti ṣe ohun tí ìyá mi ì bá ṣe. Lọ́jọ́ kẹjọ a sọ ọmọ lórúkọ. Lọ́jọ́ kẹsàn-án mo gbé orúkọ náà lọ sí Ilé Ìmọ́lẹ̀, wọ́n ní ìwé ti pa dé láàárọ̀ àná, kí n padà wá lẹ́yìn ọdún méjìlá.

Ọmọ wo ló ń dúró de ìmọ́lẹ̀ fún ọdún méjìlá?

Ìmọ́lẹ̀ àgbàlagbà kò wúlò fún ọmọdé. Tèmi pupa bí epo, ti Mọ́rádéyọ̀ ní àwọ̀ oyin. Àwọ̀ ọ̀sán ni egungun ọmọdé ń jẹ, àwọ̀ tó funfun tó sì fẹ́ jọ aró bí ìgbà tí mànàmáná bá kọ, kò sì sí àgbàlagbà tí wọ́n ń fún ní èyí. Mo lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lu tèmi, kí wọ́n fi ààyè mi fún ọmọ náà. Ọkùnrin tó wà lójú fèrèsé rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ẹ̀ ń fi eyín tó ti ká bẹ̀ mí pé kí n fi gbin àgbàdo."

Oṣù kejì lẹ́yìn ìyẹn, dígí ojúlé wa sán. Èmi ni mo wà nídìí ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n ń lu tuntun. Bí ẹ̀rọ ti ń rìn lórí bátánì, ihò lẹ́yìn ihò, mo gbé ìka lé bọ́tìnnì fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń gbé itọ́ mì. Ẹ̀rọ fo ibì kan. Ẹ̀gbẹ́ ibùwọ̀ Mojírádé ni mo ti ṣe é, nítorí ibẹ̀ nìkan ni àwọ̀ ọ̀sán máa ń dé nínú dígí wa. Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Kòtò méjì tó bá sún mọ́ ara wọn lórí àpáta, omi ọ̀kan á máa yọ́ lọ sínú èkejì títí omi méjèèjì á fi dọ́gba. Ṣùgbọ́n mo rò ó bí a ṣe tọ́ wa dàgbà. Nílé bàbá mi, ọmọ méje ń jẹun nínú àwo kan, kò sì sí ọ̀kan tó kú. Mo ní àwọn méjèèjì á jọ jẹ ẹ́. Mo ní ìdajì á tó.

Ó tó Ìbídàpọ̀, torí pé ara rẹ̀ kéré. Kò tó Mojírádé.

Akíndúró padà wọlé pẹ̀lú ìwé ìbúra. Ó tan iná funfun kan, ó gbé e sí ẹ̀yìn èjìká mi. "Ó yá, Màmá. Ẹ wò ó fún wa."

Mo gbé dígí sókè, mo yí i. Àwọ̀ rẹ̀ ń yọ́ lọ bí ọrùn ẹyẹlé, ewé, aró, èsè àlùkò, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn. Nínú òkùnkùn yẹn ni àwọn ibùwọ̀ ti yọ. Tèmi rèé nísàlẹ̀, ó pupa. Ti Mọ́rádéyọ̀ rèé, ti Fèyíṣara wà ní ọwọ́ kejì. Lókè pátápátá, ìràwọ̀ funfun méjì sún mọ́ ara wọn bí ojú ọmọ ológbò, kò sí èyí tó mọ́lẹ̀ tó bó ṣe yẹ nínú wọn.

Mo pẹ́ lórí rẹ̀. Mo mọ̀ pé Fèyíṣara ń wo ẹnu mi. Mo ń rò ó pé kí n sọ òótọ́. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á bò mí lójú títí ayé, nítorí ìyà ẹni tó bá fi ojú ṣèké nìyẹn, mo gbà bẹ́ẹ̀. Arúgbó ni mí, mo ti rí ohun tó tó. Wọ́n á gbé Ìbídàpọ̀ pamọ́ sẹ́yìn yàrá ẹnìkan, wọn kò ní rí i kà. Ṣùgbọ́n dígí tuntun á dé pẹ̀lú ibùwọ̀ mẹ́rin, ẹlòmíràn ni yóò sì jókòó nídìí ẹ̀rọ. Ọdún mẹ́jọ gbáko ló kù kí ìwé tó ṣí. Ọmọ tí mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó gbọ́ ọ, kí ló máa fi ọdún mẹ́jọ jẹ?

Ọmọ Fèyíṣara náà jókòó níwájú mi, ó ń fi ìka ṣeré lórí orúnkún ìyá rẹ̀.

"Màmá?" Akíndúró pè mí. "Mélòó ni?"

Mo fi ìka kan ìpéǹpéjú mi méjèèjì, bí a ti ń búra. "Mo fi ojú mi méjèèjì jẹ́rìí. Ibùwọ̀ mẹ́rin ni. Ó pé."

Fèyíṣara kò kígbe. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n pè ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tó yá, ó tẹjú mọ́ ikùn ara rẹ̀.

"Àṣé inú mi ló ti wá," ni ó wí.

Ká ní ó bú mi, ìbá sàn.

"Ẹ fi tiẹ̀ hàn mí," Akíndúró wí. Ó ti mú kálàmù alùhò jáde nínú àpò, kò sì gbójú wo Fèyíṣara. "Lókè yìí, àbí?"

Mo fi ìka tọ́ka. Ó gbé ẹnu kálàmù síbẹ̀, ó dún tín-ín bí ìgbà tí ẹ̀fọn bá fò kọjá létí ènìyàn. Ìràwọ̀ kan kú. Lẹ́sẹ̀kan náà ni èkejì rẹ̀ ràn, ó funfun débi pé mo yára gbé àtàǹpàkò lé e.

"Ó jó yín?"

"Rárá. Ó ń yọ̀ lọ́wọ́ mi ni."

Ó gba dígí, ó gun orí àpótí, ó kàn án padà. Ó já okùn Mojírádé kúrò, ó ká a sínú àpò. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó yí ẹ̀yìn sí i.

"Gùn mí lẹ́yìn. Ọ̀nà náà jìn fún ẹsẹ̀ ẹ."

"Ṣé Màmí mi ń bọ̀?"

"Kò tíì yá tiwọn."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Omi. Omi pọ̀ gan-an níbẹ̀."

"Ṣé mo lè lúwẹ̀ẹ́?"

Fèyíṣara ló gbé e lé ọkùnrin náà lẹ́yìn, ó fi ìborùn tirẹ̀ gbá a pọ̀ mọ́ ọn, ó so ó, ó tú u, ó tún un so kó má baà fún un jù. Wọ́n lọ. A ń gbọ́ ohùn Mojírádé lọ́nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bi í bóyá ìyàwó rẹ̀ máa ń fà á ní irun imú.

Nígbà tí a kò gbọ́ ohùn náà mọ́, Fèyíṣara wọlé lọ. Ó gbé Ìbídàpọ̀ jáde nínú àgbá, ó gbọn gààrí kúrò lórí rẹ̀, ó sì fà á lé mi lọ́wọ́. "Ó gbìyànjú," ni ó wí. "Kò tilẹ̀ wúkọ́."

Mọ́rádéyọ̀ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó dé láti ibi iṣẹ́. Ó sunkún, ó lọ bá Fèyíṣara jókòó. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Láti ọdún mẹ́rin yìí, kò tíì bi mí rí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ọmọ rẹ̀ ti ń wá.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó di wákàtí ọ̀sán, mo tẹ́ Ìbídàpọ̀ sórí ẹní bí mo ti ń ṣe lójoojúmọ́, mo fa aṣọ ìkélé, mo sì ṣí orí okùn sí i. Ìmọ́lẹ̀ dà jáde. Láti ọdún mẹ́rin, ìwọ̀n ṣíbí la ti ń gbà. Lọ́jọ́ yẹn, korobá ni. Ó kún ara ọmọ náà, ó kún ẹní, ó gun ògiri. Mo rí ìlà àtẹ́lẹwọ́ mi tí n kò rí láti ìgbà tí a ti kúrò lábẹ́ oòrùn. Aṣọ ìkélé náà kò wúlò mọ́. Ìmọ́lẹ̀ gba inú òwú rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni pé kò sí aṣọ níbẹ̀.

"Ìyá àgbà, ẹ wò mí!" Ìbídàpọ̀ ń kígbe. "Ẹ wo ọwọ́ mi, mò ń rí pupa inú rẹ̀!"

"Dákẹ́, ọkọ mi, dákẹ́."

Mo ń wá nǹkan mìíràn tí mo lè fi bo ojú ọ̀nà nígbà tí Fèyíṣara fa aṣọ ìkélé sápá kan.

Ó wo ìmọ́lẹ̀ náà títí. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀, ó mú ojúgun Ìbídàpọ̀, ó sì fi àtàǹpàkò tọ̀ ọ́ láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, bó ti máa ń ṣe fún Mojírádé ní àràárọ̀ láti mọ̀ bóyá ó tún ti wọ́ sí i. Egungun náà gún gbọọrọ.

"Ìmọ́lẹ̀ ọmọdé nìyí," ni ó wí.

Mo gbé ọwọ́ lé orí okùn.

"Mélòó ló wà nínú dígí yẹn, Màmá?"

"Márùn-ún."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún mẹ́rin."

Ó ń rò ó padà. Nígbà yẹn, Mojírádé jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, ó máa ń sáré kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí tí a ó fi máa lé e.

"Inú àgbá mi ló wà," Fèyíṣara wí. "Nígbà tí ẹ fi ọwọ́ kan ojú."

"Fèyíṣara, ọmọ mi…"

"Ẹ má pè mí lọ́mọ."

A ń gbọ́ òòlù Olùpín nínú àdúgbò, ó ń kan dígí ojúlé mìíràn. Igbe ẹyọ kan ló kù kí wọ́n wá mú mi. Mo dúró dè é. Mo ti tilẹ̀ tún gèlè mi ṣe, kí wọ́n má baà wọ́ mi lọ ní ìhòòhò orí. Fèyíṣara gbọ́ òòlù náà bí èmi ti gbọ́ ọ. Ó dìde, ó tú ìró rẹ̀ kan, ó fi kọ́ sórí aṣọ ìkélé kó lè nípọn, ìmọ́lẹ̀ kò sì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀, kò gbé ohùn sókè. "Ìmọ́lẹ̀ ọmọ mi ni. Ilé mi ló máa tàn sí. Ẹ tú okùn yẹn."

"Ìyá rẹ̀ kò sí nílé. Jẹ́ kó dé ná."

"Ìyá Mojírádé wà nílé lánàá."

Mo tú rọ́bà. Mo fa okùn ọkọ mi jáde kúrò lára tèmi, díẹ̀díẹ̀, kó má baà kán. Ihò kékeré kan wà nínú ògiri tó là wá láàárín, níbi tí a máa ń gba iyọ̀ àti ata lọ́wọ́ ara wa. Mo ki okùn bọ̀ ọ́. Fèyíṣara gbé Ìbídàpọ̀ pọ̀n. Ọmọ náà kò kọ̀, ẹ̀yìn tó mọ̀ ni. Ó ń na ọwọ́ sí mi pé ó dàbọ̀, ó rò pé Olùpín ló tún dé, pé ó fẹ́ lọ sá pamọ́.

"Bí ìyá rẹ̀ bá béèrè, ẹ ní ó wà lọ́dọ̀ ìyá Mojírádé. Bó bá fẹ́ gbà á, kó lọ pe Olùpín wá."

Yàrá mi padà sí pupa tó ti máa ń wà. Mo jókòó síbẹ̀. Mò ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Ìbídàpọ̀ ní ìhà kejì ògiri, mo sì ń gbọ́ Fèyíṣara tó ń sọ fún un pé kó dùbúlẹ̀ dáadáa, kó na ẹsẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè dé orúnkún.

Mọ́rádéyọ̀ dé nírọ̀lẹ́, okùn iṣẹ́ ṣì wà nídìí rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú nítorí oòrùn orí òkè. Ó wo ẹní. Ó wo ibi tí okùn wà tẹ́lẹ̀.

"Màmá, ọmọ mi dà?"

Mo na ọwọ́ sí ògiri. Ó sáré jáde, ó kan ilẹ̀kùn Fèyíṣara, ó sì ń pè é. Mo gbọ́ tí Fèyíṣara béèrè pé ta ni, bí ẹni tí kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí.